Ẹni Àkọ́kọ́ Tí Gbogboṣe Kí

Ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ kọ̀, kò ṣí, nítorí pé Bàbá Lánípẹ̀kun kọ̀, kò kí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Ìbídùnní ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ ṣáà kí i lẹ́ẹ̀kan. Aago mẹ́sàn-án ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù."

Bàbá dúró gbagidi. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, ẹ̀gbọ́n ìyá Ìbídùnní, òun náà ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ó fi ìborùn wé ọrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn Iléṣà ti ń ta láti òwúrọ̀. Abẹ́ ìborùn yẹn ni ohùn rẹ̀ gbà jáde, ohùn kíkẹ̀ tí ẹ̀rín máa ń fara pamọ́ sí.

"Èmi kí n kí ilẹ̀kùn? Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Kì í ṣe ilẹ̀kùn lẹ ń kí, Bàbá. Gbogboṣe ni."

"Gbogboṣe! Ó kúkú ń ṣe gbogbo nǹkan. Kó ṣe èyí kún un, kó kí mi."

Àwọn tó tò sẹ́yìn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í hú ikọ́ àìnísùúrù. Ta ló ń bá ilẹ̀kùn jiyàn láyé ìsinsìnyí? Ọdún 2091 la wà yìí o. Kò sí ẹ̀rọ tí Gbogboṣe kò sí nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń tan ààrò láìkọ́kọ́ kí i. Ọkọ̀ kì í gbéra bí èrò inú rẹ̀ kò bá kí i. Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pàápàá, aláìsàn gbọ́dọ̀ kí i kó tó dùbúlẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, òfin ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó yá, wọ́n ní ìwà ọmọlúàbí ni. Ẹ ò rí ayé bí?

Ìbídùnní fi orúnkún kan kanlẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni òun náà, ó sì ti sú u. "Ẹ káàárọ̀ mà. Mo kí yín fún èmi àti Bàbá mi."

"Káàárọ̀, Ìbídùnní," ni ilẹ̀kùn wí. "Káàárọ̀, Lánípẹ̀kun. Ó yá, ẹ wọlé."

Ká sọ tòótọ́, ohùn náà dùn. Ohùn obìnrin ni, ó tutù, kì í yára, kì í bínú. Òun kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn láti Ìjọ̀ka dé Ìmọ̀, láti Iléṣà títí dé etí òkun.

"Lánípẹ̀kun!" Bàbá mí kanlẹ̀. "Ìyàwó tí mo fẹ́ fún àádọ́ta ọdún kò pe orúkọ mi rí títí ó fi kú."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Inú kò bí mi. Ó kàn ń yà mí lẹ́nu ni."

Ilẹ̀kùn kò béèrè ohun tó wà lábẹ́ ìborùn. Kò tiẹ̀ lè béèrè. Ẹ̀rọ tí kò bá kí Gbogboṣe, Gbogboṣe kò mọ̀ pé ó wà láyé, àpótí pẹlẹbẹ tó wà lọ́rùn Bàbá kò sì kí i rí. Alágbàsọ ni Bàbá ń pe àpótí náà. Ọdún kejìlélógún rèé tí àwọn dókítà ti gé gògóńgò rẹ̀ kúrò nítorí jẹjẹrẹ. Kí wọ́n tó gé e, ó fi oṣù mẹ́ta gbáko jókòó sínú yàrá, ó ń ka ọ̀rọ̀ sínú àpótí yẹn: orúkọ oríṣiríṣi iṣu, èébú tó gún régé, orin ìbejì, oríkì gbogbo ọmọ ilé. Láti ìgbà náà, bó bá ti ń mi ẹnu, Alágbàsọ á mọ ohun tó fẹ́ wí, á sì wí i ní ohùn rẹ̀ gan-an. Kò ní ẹ̀dà. Gbogbo ẹ̀rọ tó lè gba ohùn sílẹ̀ láyé ìgbà náà, ti Gbogboṣe ni, wọn kì í sì í gba ohùn tí kì í ṣe tiwọn láti ara ẹ̀rọ kankan.

Nítorí àpótí yìí ni wọ́n ṣe wá sílé ẹjọ́, nítorí rẹ̀ náà ni ọkàn Ìbídùnní kò fi balẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ ẹ̀rọ wò fún Ìgbìmọ̀ Ìdíje, àwọn tó ń ṣọ́ ọ kí ẹnì kan má dá ọjà gbà mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ ti pe àwọn tó ni Gbogboṣe lẹ́jọ́. Wọ́n ní kí ilé ẹjọ́ pín in sí mẹ́ta, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ètò tirẹ̀ tí yóò máa darí ààrò tàbí ilẹ̀kùn lè ráyè ṣe é. Àwọn tó ni ín ní kò ṣeé pín. Wọ́n ní ara kan ṣoṣo ni. Wọ́n ní kì í ṣe pé ó kọ̀ láti bá ètò ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, pé kò lè ṣe é ni. Òní ni ọjọ́ ìkẹyìn. Bí Ìbídùnní bá fi hàn pé Gbogboṣe lè bá òmíràn ṣiṣẹ́, Adájọ́ yóò pín in. Bí kò bá lè fi hàn, ẹjọ́ ti parí nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tún un gbé wá fún ọgbọ̀n ọdún.

Ìbídùnní kì í gbà pé nǹkan kò ṣeé ṣe láìjẹ́ pé ó tú u palẹ̀ wò. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ó tú fáànù Bàbá kó lè mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbé. Bàbá kò nà án. Ó jókòó tì í, ó ní, "Ó dáa, níbo lo ti fẹ́ kọ́kọ́ wá a?" Bó ṣe tú fáànù náà ló ṣe tú Gbogboṣe. Oṣù méjì ló fi ka inú rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, títí ó fi bá òfin kan pàdé tó jẹ́ kó bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan. Òfin náà ní bí ètò méjì bá pàdé, kí kálukú sọ ọdún tí wọ́n bí i, kí kékeré kí àgbà. Bí àgbà bá dáhùn, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Àṣírí ọjà ló ń wò yẹn. Gbogboṣe kò lé ẹnikẹ́ni kúrò lọ́jà rí. Ètò ẹlòmíràn á dé, á kí i, Gbogboṣe kò ní dáhùn. Ó tán! Iṣẹ́ kò ní bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ni ètò á dúró títí, á sì palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó lè lọ sọ ní tẹ́ṣàn pé wọ́n lu òun. Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun dàgbà ju Gbogboṣe lọ, torí ọdún 2058 ni wọ́n bí i, gbogbo ètò tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n sì ti rà tí wọ́n ti sin.

Àfi ọ̀kan o. Ọdún 2051 ni wọ́n bí Alágbàsọ. Bàbá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló kọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìjọ̀ka, àwọn náà ló kọ òfin ìkíni yẹn kí àwọn tó ṣe Gbogboṣe tó jí i kó. Àwọn olè wọ̀nyí pa orúkọ àwọn tó ni iṣẹ́ rẹ́, wọn kò pa òfin náà rẹ́. Ta ni yóò pa á rẹ́? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣáà ni wọ́n. Wọ́n lè jalè, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò gbé e láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí kékeré má kí àgbà. Ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe mọ nìyẹn lójú Ìbídùnní títí di àárọ̀ yìí. Ó tún ṣí ìwé rẹ̀ wò kí wọ́n tó jáde nílé, ó sì rí ìlà kan lábẹ́ òfin náà tó ti fò dá tẹ́lẹ̀: bí àgbà bá dáhùn, kékeré lè wọlé, kó bá a tún ilé ṣe. Ó mọ ohun tí Gbogboṣe ń pè ní títún ilé ṣe. Gbogbo ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni yóò gbá dànù, títí kan ohùn Bàbá. Ó jẹ mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú Bàbá láàárọ̀ yẹn, kò sì lè sọ. Bó bá sọ, Bàbá lè ní òun kò lọ mọ́, ẹjọ́ á kú. Bàbá sì lè ní òun ń lọ, èyí tó tún burú jùyẹn lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kí Gbogboṣe ṣáà kí i lójú gbogbo ayé ti tó, kò nílò ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tan ara rẹ̀ jẹ títí wọ́n fi dé gbọ̀ngàn ẹjọ́.

Adájọ́ Ẹ̀kúndayọ̀ ti jókòó. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ó mú pẹ́ńsù àti bébà lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn náà, ti olùjẹ́jọ́ ni. Lọ́yà àwọn Gbogboṣe, Dúróṣinmi, rí Bàbá lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ẹ̀wù dúdú lọ́rùn. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìnira ọ̀nà." Bàbá dá a lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ọ̀tá tó mọ bí wọ́n ṣe ń kíni, kì í rọrùn láti bínú sí i.

"Ìyáàfin," ni Adájọ́ wí fún Ìbídùnní, "ẹ ní ẹ fẹ́ fi nǹkan hàn wá."

Ìbídùnní tú ìborùn lọ́rùn Bàbá. Àwọn èèyàn na ọrùn láti wo àpótí náà. Àwọn mìíràn níbẹ̀ kò rí ẹ̀rọ tó ní bọ́tìnnì rí láyé wọn. Ó so wáyà kan mọ́ ọn, ó ki ìdí rẹ̀ kejì bọ ihò ara ògiri, ó sì fi ọwọ́ di ibẹ̀ mú. "Olúwa mi, ètò kan tí kì í ṣe ti Gbogboṣe nìyí. Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ díẹ̀."

Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Dúróṣinmi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ètò tó kí Gbogboṣe tí kò gbọ́ hùn-ún. Ó ń retí kí àpótí yìí náà kí i. Àpótí kò kí ẹnikẹ́ni. Bàbá ká ọwọ́ lẹ́rí bí àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin yẹn wá láti òkè àjà, ohùn tí gbogbo wọn mọ̀ dunjú.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Gbogboṣe wí. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Ẹ má bínú pé a kò tètè rí yín."

"Yéè!" ni obìnrin kan ké lẹ́yìn. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ dìde dúró láìmọ̀ pé òun dìde. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ rí kí Gbogboṣe kọ́kọ́ kí èèyàn. Adájọ́ pàápàá gbàgbé láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Dúróṣinmi, àmọ́ orí rẹ̀ pé. Ó dìde, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Olúwa mi, ìkíni nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò ló ń kí ara wọn tí wọn kì í ṣiṣẹ́ pọ̀. Kí ètò Bàbá dá a lóhùn, ká wá wò ó bóyá wọ́n lè jọ ṣe nǹkan kan." Ó ń sọ ọ́, kò sì jẹ́ kí ojú òun àti ti Ìbídùnní pàdé. Ìbídùnní mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti ka ìlà yẹn.

"Ó bọ́gbọ́n mu," ni Adájọ́ wí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn."

Ìbídùnní na ọwọ́ kejì sókè. "Olúwa mi, ẹ jẹ́ kí n bá Bàbá mi sọ̀rọ̀ ná."

Adájọ́ gbà fún un. Ó kúnlẹ̀ ti Bàbá, ó sì rọra sọ gbogbo rẹ̀ sí i létí: ìlà ìsàlẹ̀ yẹn, títún ilé ṣe, ohùn tí kò ní padà. "Mo ti mọ̀ láàárọ̀, n kò sọ fún yín. Ẹ forí jì mí."

Bàbá tẹ orí sún mọ́ ọn. "Ta ló kọ ìlà yẹn?"

"N kò mọ̀, Bàbá."

"Èmi ni. Mo ní ọmọ tó bá wá kí àgbàlagbà, ó yẹ kó lè bá a gbálẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà náà irú ọmọ tí yóò wá." Ẹ̀rín díẹ̀ gba inú ohùn rẹ̀ kọjá. "Mo ti mọ̀ kí o tó jẹ mọ́ínmọ́ín mi láàárọ̀, tí ò ń wo abọ́ bí ẹni tó jalè."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì wá?"

"Mo fẹ́ gbọ́ kí ó kí mi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ronú pé báwo ni yóò ṣe wí."

"Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Ẹ má dáhùn. Màá yọ wáyà, ká máa lọ sílé."

Bàbá mi orí. "Ẹni tí kò kíni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé. Ẹni tí wọ́n kí tí kò dáhùn ńkọ́? Ohun tí Gbogboṣe ti ń ṣe fún gbogbo ayé nìyẹn. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ á gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn dé, wọ́n á kí i, kò ní dáhùn. Ṣé kí èmi náà wá ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ohùn yín ńkọ́?"

"Ohùn mi ti sọ̀rọ̀ tó."

"Kò tíì tó mi o, Bàbá." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Kò tíì tó èmi."

"Àwẹ̀ró," ni Bàbá wí. Láti ìgbà tí ìyá Ìbídùnní ti kú, kò tún sí ẹlòmíràn tó ń pe oríkì rẹ̀. "Di wáyà yẹn mú. Má yọ ọ́."

Ìbídùnní padà síbi ògiri. Ìka rẹ̀ wà lórí wáyà, yíyọ ni ìka náà sì ń fẹ́. Fífà díẹ̀ ló kù, ohùn yẹn á bá wọn lọ sílé, á máa bú u lọ́la bó bá jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná. Ó ronú nípa àwọn tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà Gbogboṣe láti ọjọ́ yìí wá, tí wọ́n kí títí tí ó sú wọn. Ó di wáyà mú, kò sì fà á.

"Káàárọ̀ o, ọmọ mi," ni Bàbá wí sókè. "Ṣé dáadáa lo jí? Àwọn ará ilé rẹ ńkọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. "Dáadáa ni gbogbo wọn wà, sà," ni Gbogboṣe dáhùn. "Kí ni ẹ fẹ́ ká bá yín ṣe?"

Bàbá bojú wo òkè. "Ooru mú. Bá wa ṣí fèrèsé."

Gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn náà ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, gbàgà. Atẹ́gùn wọlé, ó gbé bébà Adájọ́, akọ̀wé sì ń sáré mú wọn kiri. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọgbọ̀n ọdún, ètò tí kì í ṣe ti Gbogboṣe rán an níṣẹ́, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà. Dúróṣinmi jókòó wọ̀ọ̀. Kò sí ẹni tó tún nílò àlàyé.

"Ẹ ṣé, sà," ni Gbogboṣe wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ ká bá yín tún ilé ṣe."

Bàbá kò fi àkókò ṣòfò. Ó yíjú sí Adájọ́. "Olúwa mi, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé dídáhùn ìkíni kò pa—"

"—ẹnikẹ́ni," ni ohùn obìnrin yẹn parí ọ̀rọ̀ náà láti inú àpótí ọrùn rẹ̀.

Bàbá pa ẹnu dé. Ó fi ọwọ́ kan àpótí náà, ó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, kò sí ẹni tó mọ ibi tí yóò gbójú sí. Adájọ́ Ẹ̀kúndayọ̀ kọ ọ̀rọ̀ Bàbá sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, ó fà á nílà, ó sì gbé orí sókè.

"Ó lè bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Gbogbo wa la rí i. Nítorí náà, ó ṣeé pín, ilé ẹjọ́ yìí yóò sì pín in. Ètò tó bá kí i láti òní lọ, dandan ni kó dá a lóhùn." Lẹ́yìn náà ló dìde níbi tó jókòó sí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Bàbá, ohun tí adájọ́ kì í ṣe. "Ẹ ṣeun, Bàbá."

Ariwo sọ. Àwọn ará Ìgbìmọ̀ ń dì mọ́ Ìbídùnní, wọ́n ń kí i kú oríire, ó sì ń dá wọn lóhùn láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Nígbà tó rí ọ̀nà, ó mú Bàbá jáde. Ẹ̀rù ohun tí yóò gbọ́ bí Bàbá bá lanu ń bà á, bóyá ó ń ba Bàbá náà.

Ilẹ̀kùn tó dá wọn dúró láàárọ̀ ti ṣí sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Omijé ti bo ojú Ìbídùnní, kò ríran dáadáa. Ó ṣáà ń gbọ́.

"Ó dàbọ̀, sà," ni ohùn náà wí.

"Ó dàbọ̀, ọmọ mi. Kú iṣẹ́ o," ni ohùn náà dáhùn.

Ọ̀kan náà ni. Bó ṣe tẹ́tí tó, kò mọ èyí tó jẹ́ ilẹ̀kùn, kò mọ èyí tó jẹ́ Bàbá. Ó dúró sójú kan, ó fẹ́ bú sẹ́kún.

"Àwẹ̀ró," ni ohùn náà wí, "mú mi lọ́wọ́ dání. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀ yẹn."

Ìbídùnní na ọwọ́ sí ẹni tó pè é.